Ìtọ́jú Ọmọ Ahun Nínú Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sí ọdún kan tí a ń ṣán oko tí àwọn kan nínú yín kì í rí ọmọ ahun lábẹ́ ewé gbígbẹ, èyí tí kò gùn ju íǹṣì méjì lọ. Ẹni tí ó rí i a gbé e sínú àpò, a sì mú un lọ sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ a yọ̀, wọn a sọ ọ́ lórúkọ, wọn a fi ẹ̀bà àti ìrẹsì bọ́ ọ. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ahun náà a kú, bàbá ilé a sì ní ebi ni ó pa á. Ní tèmi, bí a bá pè mí sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ebi ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí bí kò ṣe gbígbẹ.

Èmi fúnra mi pa ọ̀kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Inú páànù bisikíìtì ni mo fi í sí. Mo da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wọlé. Bàbá mi àgbà ti sọ fún mi pé ahun kì í mu omi, mo sì gbà á gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú rẹ̀ jìn wọ inú, kò sì là á mọ́. Ó di ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa àpótí àti oúnjẹ, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ ahun tí ẹ rí nínú oko kì í ṣe ọmọ tí ó sọnù. Ìyá rẹ̀ a gbẹ́ ilẹ̀, a yé ẹyin sí i, a bò ó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti jáde nínú ẹyin ni ó ti ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí kò bá fara pa, ẹ gbé e lọ sí abẹ́ òjìji ní ẹ̀bá igbó tí ẹ kò ní sun, kí ó má jìnnà sí ibi tí ẹ ti rí i. Èyí tí ó yẹ kí ẹ gbé wálé ni èyí tí àdá bà, tàbí èyí tí katakata ti hó gbogbo igbó tí ó yí i ká, tàbí èyí tí àwọn ahun tí ẹ ń sìn nínú ọgbà yín bí. Ẹ má ṣe tà á fún àwọn tí ń kó ẹran kọjá ibodè. Gbogbo ahun orí ilẹ̀ ni ó wà lábẹ́ àdéhùn CITES, tí a ṣe ní Washington ní 1973, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1974. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un kọjá ibodè láìgba ìwé àṣẹ.

Irú ahun méjì ni ó lè dé ọwọ́ yín. Ti igbó wa ni àkọ́kọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys. Bí ó bá dàgbà, apá ẹ̀yìn igbá rẹ̀ a máa tẹ̀ wálẹ̀ bí ìlẹ̀kùn láti dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ẹ má fi èyí dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, nítorí ìkòkó ahun kò ì tíì ní ìtẹ̀ yìí. Etí igbá rẹ̀ tí ó rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn ni kí ẹ wò. Èkejì ni ahun ilẹ̀ gbígbẹ ti òkè Ọya, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sulcata, aláwọ̀ ìyeyè, olùjẹ koríko. Kí ẹni tí ó bá rà á ní kékeré mọ̀ pé ó lè wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ lọ́jọ́ iwájú. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kan àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti igbó wa ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ kan àpótí pákó tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí ó fẹ̀ ní méjì, tí ògiri rẹ̀ sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Pákó sàn ju gíláàsì lọ, nítorí ahun kò mọ̀ pé ohun tí òun ń rí níwájú kò ṣe é kọjá. Yóò máa forí gbá a láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ da ilẹ̀ dúdú tí ó ní ewé jíjẹrà sínú rẹ̀, kí ó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin. Ilẹ̀ tí a kò fi oògùn kòkòrò tàbí ajílẹ̀ sí ni kí ẹ bù. Ẹ má lo iyanrìn, ẹ má sì lo ìyẹ̀fun pákó.

Omi inú ilẹ̀ yìí ni ọkàn gbogbo ọ̀ràn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin ọmọ kòkó sínú ọ̀rá rí kò nílò olùkọ́ níbí. Ẹ bu ilẹ̀ náà lọ́wọ́, kí ẹ fún un: bí ó bá dì mọ́ra láìkán omi, ó dára. Bí ó bá tú ká, ẹ da omi díẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí omi lè gba ìsàlẹ̀ rìn. Bí ó bá ń kán, ẹrẹ̀ ni, àyà ahun yóò sì jẹrà lórí rẹ̀. Ẹ fi àpáàdì tàbí ìdajì èèpo àgbọn ṣe ilé fún un ní igun kan, kí ẹ tẹ́ ewé tútù sábẹ́ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sínú omi tí a sì fún dáadáa bo ìdajì ojú àpótí. Ẹ má gbé e sí iwájú fáànù.

Àwọn kan yóò wí pé ahun ilẹ̀ gbígbẹ kò nílò irú wàhálà yìí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù ni ọmọ rẹ̀ ń sá pamọ́ sí ní ilẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2003, a tọ́ àwọn ọmọ sulcata nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti nínú afẹ́fẹ́ olómi. A rí i pé gbígbẹ afẹ́fẹ́ ni ó mú kí igbá ẹ̀yìn wọn yọ gọ́ńgọ́ bí òkìtì ebè, ju bí oúnjẹ ti mú un lọ.

Ní ojoojúmọ́, tàbí ní ọjọ́ kejì kejì, ẹ gbé ọmọ ahun sínú àwo pẹrẹsẹ tí ó ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kí omi náà má kọjá àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ó rí i tí yóò na ọrùn, tí yóò ri ẹnu àti imú bọ omi, tí yóò sì mu, bàbá mi àgbà ì bá wà láyé kí ó rí i! Ẹ dúró tì í, nítorí bí ó bá dojú dé, omi kékeré yìí tó láti pa á.

Ewé yánrin, ewé amúnútutù, ewé ilá, olú tí ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ, ìbẹ́pẹ díẹ̀: wọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀. Ti igbó wa a máa jẹ ekòló àti ìgbín kéékèèké pẹ̀lú. Ewé tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí kì í jẹ́ kí ara gba ẹfun inú oúnjẹ, ẹfun sì ni a fi ń mọ igbá ahun. Ẹ gún èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín kúnná, kí ẹ máa bu ìwọ̀nba rẹ̀ sí ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀bà, búrẹ́dì, ìrẹsì àti mílíìkì kì í ṣe tirẹ̀.

Oòrùn àárọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹfun náà ṣiṣẹ́. Ìdajì wákàtí tó, kí òjìji sì wà níbi tí ó lè sá sí. Oòrùn tí ó gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá kò wúlò fún èyí, nítorí gíláàsì a máa dí ìtànṣán tí ara ń fẹ́ lọ́nà.

Ní ti ọ̀tá, èèrà ìjàlọ ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ gbé àpótí sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo omi ọṣẹ, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Ẹ fi wáyà àwọ̀n bo òkè nítorí eku àti ológbò.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má lu igbá ẹ̀yìn ahun láti fi okùn sí i. Mo ti rí i ní ilé tó pọ̀, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n ní kò dùn ún. Igbá náà kì í ṣe aṣọ tí ó wọ̀. Egungun ara rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń mọ ìrora. Ihò tí a lu a sì máa di ọ̀nà fún ìdíbàjẹ́.

Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí a má sì fọ àwo rẹ̀ níbi tí a ti ń fọ abọ́ oúnjẹ. Ahun a máa gbé kòkòrò àrùn Salmonella kiri láìṣàìsàn, ó sì lè fa ìgbẹ́ gbuuru líle fún ọmọdé. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de títa ìjàpá tí igbá rẹ̀ kò tó íǹṣì mẹ́rin ní 1975. Kí ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún máa wò ó lókèèrè.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òṣùwọ̀n kòkó ẹgbẹ́ yín kò ní mọ̀ pé ohun kan wà lórí òun. Ti alágbẹ̀dẹ wúrà ni kí ẹ yá. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń dínkù fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ojú rẹ̀ bá wú, bí imú rẹ̀ bá ń hó, tàbí bí igbá rẹ̀ bá ń rọ̀ dípò kí ó máa le sí i, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran láìjáfara.

Nígbà tí igbá rẹ̀ bá tó íǹṣì márùn-ún, ẹ lè kọ́ ọgbà fún un níta lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ògiri rẹ̀ wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí ahun a máa wa ilẹ̀. Ẹ ṣe ojú àgbàrá fún un kí ẹ tó gbé e síbẹ̀, nítorí nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí adìyẹ yín ti sá wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ahun igbó yóò jáde wá rìn.