Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Imí-ọjọ́ àti bàbà fún òdòdó inú ilé

Ṣé ẹ rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lórí ewé òdòdó yín? Eruku kọ́ o, ewé ti ń hu nìyẹn. Oògùn onímí-ọjọ́ ló bá a mu, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti kọjá 32°C, ó lè jó ewé. Ẹni tó ti fi òróró fín in tẹ́lẹ̀, kó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lo oògùn yìí.

Tó bá jẹ́ àpá dúdú, oògùn bàbà ni. Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni wọ́n ń fín kí kòkó má baà dúdú lórí igi. Kì í wo ewé tó ti bàjẹ́, èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ẹ kọ́kọ́ gé èyí tó bàjẹ́ dànù.

Ẹ bo imú, kẹ́ ẹ sì gbé òdòdó náà síta kẹ́ ẹ tó fín in.