Kí ni dùndún ń sọ nígbà tí ẹ̀rọ bá fà á gùn?

Ṣé ẹ ti fetí sí jẹnẹrétọ̀ rí bí ẹni ń gbọ́ orin? Ní Òkèrèwè níbí, n'Ílé-Ifẹ̀, tí iná bá lọ, tí gbogbo ilé tan tiwọn, ńṣe ló ń kùn ṣáá bí oyin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí wa ò lè ka 50 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn so wọ́n pọ̀ di ohùn kan ni. Irú ohùn gígùn báyìí làwọn olórin kan fi ń ṣiṣẹ́. Drone ni wọ́n ń pè é.

Ní Ṣáínà, ẹgbẹ́ FM3 tó wà ní Beijing gbé Buddha Machine jáde ní 2005: àpótí ike kékeré bíi rédíò, tó ń tún ègé orin kan náà gbé láìdáwọ́dúró. Nígbà tó yá, wọ́n fi guqin sínú ọ̀kan, ohun èlò àtijọ́ olókùn 7. Ní Èkó, Ibukun Sunday ń fi viola àti ẹ̀rọ ṣe irú orin bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ní kí n gbé dùndún tiwa náà wò.

Ọmọ onílù kan ní àdúgbò bá mi fi dùndún kí ni: ẹ kú ilé. Re, mí, re, mí. Mo gbà á sórí fóònù. Tí onílù bá fún ọsán ìlù mọ́ra, awọ á le, á máa gbọ̀n kíákíá, ohùn á sì gòkè. Mo wá fi Audacity fa ìkíni yẹn gùn ní ìlọ́po 10. Áà, ó dùn! Bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú ìkòkò. Mo sáré gbé e fún bàbá ọmọ náà, onílù làwọn náà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó dáa. Kí ló wá sọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Re àti mí ṣì wà nínú rẹ̀ o. Kí ló wá sọnù? Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní káwọn èèyàn gbọ́ dùndún, kí wọ́n sọ bóyá ó ń sọ̀rọ̀ ni àbí ó ń kọrin. Àwọn tó ti mọ dùndún tẹ́lẹ̀ ló gbà á jù. Kì í sì í ṣe gíga ohùn nìkan ló ń fi ìyàtọ̀ hàn: agbára ohùn àti àkókò tó wà láàárín lílù kan sí èkejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn yẹn gan-an ni mo fi ẹ̀rọ bà jẹ́. Guqin kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ bíi dùndún, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọnù níbẹ̀. Tiwa, ẹnu ni.

Ṣé ká má da ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ìlù mọ́ ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982. Synthesizer wà níbẹ̀, gítà tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin fà wà níbẹ̀, síbẹ̀ dùndún ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹní, ìlù jókòó lé e.

Mo tún tèmi ṣe. Ohùn gígùn wà nísàlẹ̀, ìkíni ọmọ yẹn wà lókè bó ṣe lù ú gan-an. Mo gbé e padà lọ. Bàbá ń tún ọsán ìlù kan so, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n kàn dá a lóhùn pé, "Káàbọ̀ o."