Kọfí Yirgacheffe: Oore Tó Lè Ṣe fún Ara àti Ẹni Tó Yẹ Kó Ṣọ́ra

Yirgacheffe jẹ́ ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gedeo, ní gúúsù Etiópíà. Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi ń pe kọfí arábíkà tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè rẹ̀, lórí àwọn òkè tó ga tó mítà 1,700 sí 2,200. Abẹ́ òjìji igi ńláńlá ni àwọn àgbẹ̀ Gedeo ń gbìn ín sí, wọ́n sì ń gbin enset mọ́ ọn, èyí tó jọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìdí àti ara rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ní ọdún 2023, UNESCO ka ilẹ̀ oko wọn yìí mọ́ ogún àgbáyé. Oṣù kẹwàá ni ìkórè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ká èso tó pọ́n, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á fọ kóró rẹ̀ mọ́, wọ́n á sì sá a sórí àtẹ. Bí wọ́n bá yan án tán, òórùn rẹ̀ a máa ta sánsán bí òdòdó àti ọsàn wẹ́wẹ́.

Nítorí òkìkí rẹ̀, àwọn kan ń polówó rẹ̀ bí ẹni ń polówó àgbo. Kí òǹkàwé mọ̀ pé àwọn ìwádìí ńlá lórí kọfí àti ìlera, orí kọfí lápapọ̀ ni wọ́n dá lé, kì í ṣe kọfí ìlú kan ṣoṣo. Ohun tó kan Yirgacheffe níbẹ̀ ni pé arábíkà ni. Káfíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ, kò ju nǹkan bí ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú kóró arábíkà. Ti robusta, irú kọfí mìíràn, lé ní 2. Robusta yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú kọfí Nàìjíríà, títí kan ti agbègbè Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogí. Orí òkè Mambilla ní Taraba ni arábíkà tiwa wà.

Ní ọdún 2017, ìwé ìṣègùn BMJ gbé àkójọ kan jáde tó ṣe àtúpalẹ̀ àgbéyẹ̀wò ìwádìí tó lé ní igba. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé àrùn ẹ̀dọ̀, àtọ̀gbẹ irú kejì àti ikú àìtọ́jọ́ kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń mu ife mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí kì í mu ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wò láti mọ èyí, oúnjẹ wọn, iṣẹ́ wọn àti owó ọwọ́ wọn kò sì dọ́gba. Nítorí náà, n kò ní sọ fún ẹni tí kò mu kọfí rí pé kó bẹ̀rẹ̀ torí ìlera. Ẹni tó ti ń mu ún ni mo ń sọ fún pé kó fọkàn balẹ̀. Ní ti jẹjẹrẹ, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn náà, fura sí kọfí ní ọdún 1991 pé ó lè fa ti àpò ìtọ̀. Ní ọdún 2016 wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń fura sí. Ohun tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni ohun mímu èyíkéyìí tó gbóná ju dígírì 65 lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó mu ún.

Bí a ṣe ń sè é ṣe pàtàkì púpọ̀, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àwọn olólùfẹ́ kọfí kì í wò dáadáa. Ní Etiópíà, obìnrin ilé á yan kóró náà lójú àlejò, á gún un, á sì sè é nínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní jebena. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú: àkọ́kọ́ ni abol, èkejì tona, ẹ̀kẹta baraka. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan náà ni wọ́n ń da omi lé, nítorí náà baraka kì í le tó abol. Àṣà tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n kọfí tí a sè láìfi asẹ́ oníwèé sẹ́ ẹ a máa ní òróró kan nínú, cafestol, tó ń mú ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Asẹ́ oníwèé ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, kó máa fi ìwé sẹ́ kọfí rẹ̀. Àwọn kan ní Etiópíà tún máa ń fi ewé tena adam sínú ife; aboyún kò gbọdọ̀ mu ún, nítorí ewé náà lè ba oyún jẹ́.

Àjọ EFSA ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní ọdún 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mu káfíìnì tó mílígírààmù 400 lójúmọ́, ìyẹn bí ife kọfí mẹ́rin. Ti aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ ju 200 lọ, torí káfíìnì máa ń pẹ́ nínú ara aboyún kó tó tán. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí àyà rẹ̀ ń já, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ má mu ún mọ́ oúnjẹ, nítorí kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin dáadáa. Ciprofloxacin, oògùn tí ọ̀pọ̀ ń lò fún taífọ́ọ̀dù, kì í jẹ́ kí káfíìnì tètè jáde lára. Ẹ dín kọfí kù nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Kọfí sì lè dí oorun lọ́wọ́ bí ẹ bá tilẹ̀ mu ún ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú àkókò tí ẹ ó sùn.

Ẹ̀yin tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe fi kọfí rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún yín.