Kí wọ́n tó fún cigar ní máàkì, wọ́n á kọ́kọ́ yọ orúkọ ara rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjà tó dára ló ń ta ara rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán cigar wò, ìyẹn tábà ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ wé, tí àwọn olówó ń fà níbi àríyá.

Ìwé ìròyìn Cigar Aficionado, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992, kì í jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́ ọ wò mọ ẹni tó ṣe é. Wọ́n á yọ bébà orúkọ tó yí i ká, wọ́n á fi èyí tó ní nọ́ńbà rọ́pò. Máàkì 100 ni wọ́n pín: 15 fún ìrísí àti bí wọ́n ṣe wé e, 25 fún adùn, 25 fún bó ṣe ń jó àti bí èéfín ṣe ń jáde, 35 fún bó ṣe rí lápapọ̀.

Ewé òde kò gbọdọ̀ ya. Tí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ le bí igi, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jù. Tí wọ́n bá wé e fún jù, èéfín ò ní jáde dáadáa. Tó bá dẹ̀ jù, á yára jó, á sì gbóná lẹ́nu. Wọn kì í gbé èéfín mì. Ẹnu ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó jọ kọfí, kòkó tàbí ata. Àmọ́ ìyẹn ò ní kó má fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ọtí, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Láti ọdún 1912 ni òǹtẹ̀ ìjọba Kúbà ti ń wà lára páálí ojúlówó. Tí ẹnì kan bá gbé páálí Cohiba tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ dígí wá, ẹ má rà á, ayédèrú ni. Oníbàárà tó bá mọ̀ ọ́n kò ní padà wá. Ẹ rántí pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 kò gbà kí wọ́n ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan gbogbo wa. Ẹ fi ọṣẹ tàbí búrẹ́dì yín sáàárín tàwọn ẹlòmíì, ẹ yọ orúkọ gbogbo wọn, ẹ fi nọ́ńbà sí i, kẹ́ ẹ wá fún àwọn oníbàárà dánwò. Èyí tí wọ́n bá mú láìmọ orúkọ ló dára lójú wọn. Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ tún iṣẹ́ ṣe kẹ́ ẹ tó fi kún owó ọjà.