Bí A Ṣe Ń Tún Fọ́tò Ṣe Kí Iná Tó Lọ

Ẹ̀yin ará Yellow House, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi mọ́. Ní táàmù tó kọjá, ẹ ní fọ́tò ẹni tó gba ipò kìíní nínú eré sísá yín dà? Mo yà á o! Fọ́tò 200 ni mo yà lọ́jọ́ náà. Mo wá ń tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Lightroom Classic. Ibi tí mo ti dé ìkọkànlélọ́gbọ̀n ni iná ti lọ. Tiyín ṣì wà lẹ́yìn.

Mo ti kọ́gbọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí:

1. Mo kọ́kọ́ ń ṣà wọ́n, mi ò ní tíì fọwọ́ kan àwọ̀ rárá. Èyí tó dáa, mo tẹ P; èyí tó ṣú, mo tẹ X. Bí ẹ bá tan Caps Lock, èyí tó kàn á wọlé fúnra ẹ̀.

2. Mo tún ẹyọ kan ṣe dáadáa. Ctrl+Shift+C ni mo fi ń da àtúnṣe náà kọ, Ctrl+Shift+V ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àtúnṣe fọ́tò inú oòrùn kì í bá ti inú họ́ọ̀lù mu.

3. Gígé etí fọ́tò ló kẹ́yìn, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí tiẹ̀ ṣe rí.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo parí kí iná tó lọ. Ẹ gbójú sókè: fọ́tò yín nìyẹn.