Kòkòrò Inú Ọkàn Àgbàdo: Èwo Ni Onílé, Èwo Ni Àlejò?

Ẹ̀yin tí ẹ gbin àgbàdo sẹ́yìn ilé ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí ẹ tó sáré lọ ra oògùn apakòkòrò lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí kòkòrò tí ẹ bá nínú ọkàn àgbàdo yín. Ìdí ni mo wí, n kò wí orí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni àlejò kan wọ oko wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Fall armyworm ni àwọn olóyìnbó ń pè é, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì sì ni Spodoptera frugiperda. Àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1967, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 40 ní Áfíríkà. Kò yà mí lẹ́nu: labalábá òru ni ìyá rẹ̀, ó sì lè fò tó kìlómítà 100 lóru ọjọ́ kan, bí ẹni gbéra n'Íbàdàn tó jí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ bá mi mú kòkòrò náà sí àtẹ́lẹwọ́. Nítòsí ìdí rẹ̀, kókó dúdú kéékèèké mẹ́rin wà tí wọ́n tò bí igun mẹ́rin àpótí. Àmì tó dájú nìyẹn. Níwájú orí rẹ̀, ìlà fífunfun kan wà bíi lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìlà yìí ló gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, òun náà ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà, nítorí àwọn ìbátan rẹ̀ kan ní ohun tó jọ ọ́. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ ara rẹ̀ rárá: ó lè rí bí ewé, ó lè rí bí erùpẹ̀, ó sì lè dúdú.

Ìbátan rẹ̀ tí í ṣe ọmọ Áfíríkà, Spodoptera exempta, a máa rìn lọ́wọ̀ọ́ bí ọmọ ogun, á máa jẹ koríko lọ. Ti àlejò wa yàtọ̀. Ọmọ ìyá ń jẹ ọmọ ìyá ni tirẹ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹyọ kan, bóyá méjì, lẹ máa ń bá nínú ọkàn àgbàdo kan.

Onílé mìíràn ni àwọn tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo. Tó bá jẹ́ àwọn ni, ewé àárín á gbẹ, ẹ fà á báyìí, á yọ wọ́ọ́. Ewé tí àlejò jẹ a máa kọ́kọ́ hàn gaara bí ọ̀rá, lẹ́yìn náà á ya jákujàku, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì kún inú ọkàn bíi lẹ́búlẹ́bú pákó tó rin.

Láti oṣù Igbe tí òjò bá ti dúró, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ògún àti Ọwẹ́wẹ̀ fún àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ máa yẹ àgbàdo yín wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán a máa lé àlejò náà wọ ìsàlẹ̀ ọkàn. Ẹyin rẹ̀ tó 100 sí 200 lójú kan, lábẹ́ ewé, pẹ̀lú ohun bí òwú lórí. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló fi ń pa. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ fọ́. Tó bá ti wọ inú ọkàn, ẹ ṣà á, tàbí kí ẹ bu eérú sí i.

Kòkòrò gígùn tó máa ń kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í jẹ ewé, àwọn kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Oògùn tí ẹ bá fín láìwo ìdí kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí olè.

Bí àgbàdo bá sì ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni àlejò náà ń kó lọ.