Wọ́ọ̀tì Lókè, Kílò Nísàlẹ̀: Òṣùwọ̀n Eré Kẹ̀kẹ́ Inú Ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ fún wọn pé mo kópa nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ lálẹ́ àná láì jáde kúrò ní pálọ̀ mi. N kì í bá wọn jà. Ní London níbi tí mo ń gbé, nígbà tí ọ̀gìnnìtìn bá dé, tí ilẹ̀ sì ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, inú ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ń sá sí. A ó yọ táyà ẹ̀yìn, a ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ẹ̀rọ kan tí ó dúró sórí ilẹ̀, a ó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó sì bá àwọn tí ó wà ní Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà sáré lójú ọ̀nà tí kò sí níbì kankan láyé. Zwift ni ètò tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Láti 2014 ni ó ti wà.

Kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan, báwo ni yóò ṣe borí ẹlòmíràn? Agbára ẹsẹ̀ ni adájọ́. Nǹkan méjì ni ẹ̀rọ náà ń ṣọ́: bí ipá tí ẹsẹ̀ fi ń yí i ṣe pọ̀ tó, àti bí ó ṣe ń yí kíákíá tó. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀ fún ara wọn, a ó rí agbára, wọ́ọ̀tì ni a sì fi ń kà á, wọ́ọ̀tì kan náà tí a ń rí lára gílóòbù iná. Bí mo bá ń wa kẹ̀kẹ́ ní 240 wọ́ọ̀tì, agbára tí gílóòbù 60 mẹ́rin ń jẹ ni ó ń ti ẹsẹ̀ mi jáde. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ulrich Schoberer, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ni ó gbé irú òṣùwọ̀n yìí sára kẹ̀kẹ́ ní àwọn ọdún 1980. Èyí tí ó dára lóde òní kì í ṣì í ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 lọ.

Síbẹ̀, wọ́ọ̀tì nìkan kò tó. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹni tí wọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀ ni yóò máa fò lọ, ì báà sanra. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti dorí kọ òkè, ìwúwo ara di ẹrù. Ẹni tí ó jẹ́ 80 kílò tí ó ń tú 280 wọ́ọ̀tì jáde ní 3.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan; bí ó bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé 75 ni òun, ó ti di 3.7 láì la òógùn kankan kún un. Ìṣirò yìí náà ni a fi pín wa sí ìpele fún ọ̀pọ̀ ọdún: 4.0 sókè ni A, 3.2 sí 4.0 ni B, 2.5 sí 3.2 ni C, ìyókù wà ní D.

Ta wá ni ó ń wọn kílò náà? Nínú ìdíje wa ti gbogbo ọ̀sẹ̀, èmi fúnra mi ni. Mo kàn ń tẹ nọ́ńbà ni. Ẹ̀rọ olówó gọbọi ń wọn ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi lásán ni wọ́n fi gba ìdajì yòókù gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tí ó lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn mìíràn sì ń ṣe òdìkejì: wọn a máa rọra wa kẹ̀kẹ́ kí wọ́n má baà kọjá 3.2, kí wọ́n lè máa ṣe àgbà láàárín àwọn ọmọdé ní ìpele C. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń bí mi nínú jù.

Àwọn àjọ kò fojú fo màgòmágó. Ní 2019, British Cycling gba adé lórí Cameron Jeffers, tí ó borí ìdíje orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n bu ìtanràn 250 pọ́n-ùn lé e, wọ́n sì dá a dúró fún oṣù 6. Ẹ̀sùn náà kò kan wọ́ọ̀tì ọjọ́ ìdíje rárá. Ó ti lo ètò kan tí ń díbọ́n bí ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́, kí ó lè gba kẹ̀kẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí ó yára ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí UCI, àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní December 2020, irú ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo olùdíje lò nínú ilé wọn. Jason Osborne ará Jámánì, ẹni tí a kọ́kọ́ mọ̀ sí fífi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí omi, àti Ashleigh Moolman Pasio ará South Africa ni wọ́n borí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì rò pé eré ọmọdé ni, Jay Vine ará Australia tipasẹ̀ ìdíje Zwift ti 2020 rí iṣẹ́ awakẹ̀kẹ́. Ní 2022 ó gba ọjọ́ méjì nínú Vuelta ti Spain, lórí òkè gidi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ inú nọ́ńbà yìí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀nà méjì ni ó fi lè gòkè láì purọ́: kí wọ́ọ̀tì pọ̀ sí i, tàbí kí kílò dín kù. Wọ́ọ̀tì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Kílò a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí a bá ti abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àbúrò kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọbìnrin tí ó ń kàwé ní Manchester. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Kílò 2 péré ni ó kù, màá bọ́ sí ìpele B.”

“Kí lo jẹ lónìí?”

Ó dákẹ́. Ìyàwó mi ni ó sọ fún lẹ́yìn náà, pé òun kò rí nǹkan oṣù òun láti oṣù 4 sẹ́yìn.

Ohun tí ó ń ṣe é ní orúkọ. Láti 2014 ni Ìgbìmọ̀ Olympic Àgbáyé ti ń pè é ní RED-S: oúnjẹ tí à ń jẹ kò ká iṣẹ́ tí ara ń ṣe mọ́, ara a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn iṣẹ́ kan tì. Nǹkan oṣù a dúró, egungun a di ẹlẹgẹ́, àárẹ̀ a kọ̀ kò lọ, wọ́ọ̀tì gan-an tí à ń lé a sì wálẹ̀. Ó ń ṣe ọkùnrin pẹ̀lú. Ìyàwó mi bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì lo oṣù 6 láì díje.

Nítorí náà ni inú mi fi dùn sí òǹkà tuntun tí Zwift gbé jáde ní 2024, láti 0 dé 1,000. Agbára ẹni ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ipò tí o gbà nínú ìdíje àti àwọn tí o bá borí ni ó ń gbé e lọ sókè tàbí sílẹ̀. Kò pa kílò rẹ́, nítorí kọ̀ǹpútà ṣì ń lò ó lórí òkè. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje tí wọ́n bá ti fi í pín ènìyàn, kò sí 3.2 kan tí ọmọ ọlọ́mọ yóò máa febi lé.

Ẹgbẹ́ tiwa ti fẹnu kò pé a kò ní í bi ara wa ní kílò mọ́ lórí WhatsApp. Àbúrò yẹn ti padà. Ìpele C ni ó ṣì wà, ó sì ti ń jẹun. Ní tèmi, 84 ni òṣùwọ̀n ilé mi sọ, 84 ni mo sì kọ. Lórí òkè, wọn a máa já mi sílẹ̀ bí èrò tí ó ti dé ibùdókọ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, èmi náà a máa san án padà fún wọn.